Ọ́tánétọ̀ 220 ámpíà ti wọ mọ́tò mi, síbẹ̀ bátìrì kò rí iná gbà bó ṣe yẹ: wáyà wo ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́njìnì ń yí láti pèsè iná fún bátìrì) tó bá mọ́tò mi wá jẹ́ 80 ámpíà, ó sì tó mi lò títí di ìgbà tí mo fi àńpílífáyà ńlá kan àti ínfátà tó ń gbé àwọn irinṣẹ́ mi kún un. Láti ìgbà náà ni iná iwájú ti ń ṣẹ́jú pẹ̀lú gbogbo ìlù tó bá dún, tí bátìrì sì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ra ọ́tánétọ̀ 220 ámpíà, mo dè é, mo sì rí i pé béètì rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí mo rí kéré sí ohun tí mo ń retí. Bí mo bá fi mítà kan ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ àti ara rẹ̀, 14.4 fóólìtì ni mo ń rí. Bí mo bá fi kan orí bátìrì méjèèjì, 13.2 ni. Wáyà tó ti ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ lọ sí bátìrì ṣì ni èyí tó bá mọ́tò wá, kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ, ó sì ń gbóná débi pé n kò lè dì í mú pẹ́. Mo ti ra wáyà pupa kan tó nípọn bí àtàǹpàkò mi láti fi rọ́pò rẹ̀. Ṣé ó tán síbẹ̀, àbí ohun mìíràn wà tó yẹ kí n ṣe kí n tó tú bóòtù?

OlóhùnGíga:

Arákùnrin mi, ó tán síbẹ̀. Wáyà tó nípọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Gbé e ti ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ lọ sórí bátìrì pọ́sítíìfù, kí o dè é le, kí o sì máa gbádùn ohùn rẹ. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, iná iwájú mi kò ṣẹ́jú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

BàbáRiwáyà:

Ọmọ mi Ìmọ́lẹ̀Alẹ́, o ṣeun tí o gbé mítà kí o tó béèrè, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń béèrè láìwọn ohunkóhun. Kò tán síbẹ̀ rárá. Iná tó jáde lẹ́yìn ọ́tánétọ̀ kì í ṣe àlejò tó dé ilé bátìrì tó sì na ẹsẹ̀; ó ní àlọ, ó sì ní àbọ̀. Àlọ rẹ̀ ni wáyà pupa tí gbogbo ènìyàn ń wò. Àbọ̀ rẹ̀ gba orí bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù lọ sí bọ́díì, ó gba bọ́díì lọ sí ẹ́njìnì, ó sì gba ẹ́njìnì dé ara ọ́tánétọ̀ láti ibi bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́njìnì, nítorí pé ara ọ́tánétọ̀ gan-an ni áàtì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Iye ámpíà tó lọ ni iye tó gbọ́dọ̀ bọ̀, kò sí ẹyọ kan tí yóò dúró lọ́nà. Wáyà tí o rà, ti àlọ nìkan ni.

Kí o tó gé ohunkóhun, wọn àlọ lọ́tọ̀, kí o sì wọn àbọ̀ lọ́tọ̀. Tan iná iwájú, tan fáànù, tan àńpílífáyà, kí ẹnì kan sì bá ọ tẹ mọ́tò dé bí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Fi ẹnu mítà kan kan bóòtù tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, kí o fi èkejì kan orí bátìrì pọ́sítíìfù fúnra rẹ̀, kì í ṣe irin tó dì í mú o, nítorí pé àárín àwọn méjèèjì náà lè ní àrùn tirẹ̀. Ohun tí mítà bá kọ ni àdánù àlọ. Lẹ́yìn náà, fi ẹnu kan kan ara ọ́tánétọ̀ níbi tí irin rẹ̀ ti mọ́, kí o fi èkejì kan orí bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù. Ìyẹn ni àdánù àbọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ju 0.2 fóólìtì lọ lábẹ́ ẹrù, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Bàbá, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Àlọ jẹ́ 0.7 fóólìtì, àbọ̀ sì jẹ́ 0.5. N kò mọ̀ rárá pé ìdajì wàhálà mi wà ní ìhà tí n kò wò. Mo yá mítà tó ń gbá wáyà mú lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì kọ 140 ámpíà lórí wáyà ọ́tánétọ̀ ní àkókò náà.

ÌyáMítà:

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò bá ohun tí mítà rẹ sọ wí. O pàdánù 0.7 níhà kan àti 0.5 níhà kejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.2 fóólìtì, èyí tó bá ìyàtọ̀ tó wà láàárín 14.4 àti 13.2 tí o kọ́kọ́ rí mu régí. Sọ 1.2 di ìlọ́po 140, wàá rí 168 wọ́ọ̀tì tó ń di ooru lásán lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ, tí ẹ́njìnì sì ń jó epo láti pèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọwọ́ rẹ kò fi gba wáyà náà.

Wáyà tó nípọn bíi pẹ́ńsù pẹ̀lú rọ́bà ara rẹ̀ sábà máa ń ní bàbà tí kò ju 8 mm² lọ nínú (ìwọ̀n ojú bàbà bí a bá gé wáyà wò). Gígùn mítà kan irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní ìdènà tó súnmọ́ 2.15 mílíóòmù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù, òṣùwọ̀n ìdènà iná). Bí ọ̀nà rẹ bá jẹ́ mítà 1.8, ìdènà náà á tó 3.9 mílíóòmù, 140 ámpíà á sì pàdánù bí 0.54 fóólìtì nínú rẹ̀. Ìyókù nínú 0.7 yẹn wà nínú fíúùsì olójú-wáyà tó bá mọ́tò wá àti nínú àwọn oríkèé. Fún 220 ámpíà, wáyà bàbà 50 mm² ni mo máa ń yàn: ìdènà rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́fà ti 8 mm², àdánù rẹ̀ lórí mítà 1.8 kò sì ní ju 0.14 fóólìtì lọ bí ọ́tánétọ̀ náà bá tilẹ̀ ń gbé gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tó bá lo 35 mm² kò ṣe àṣìṣe, pàápàá bí ọ̀nà bá kúrú, ṣùgbọ́n àyè tó kù sílẹ̀ fún oríkèé àti fíúùsì á kéré, bàbà sì máa ń dènà iná sí i bó bá ṣe ń gbóná.

Ní ti àbọ̀, 0.5 fóólìtì lórí 140 ámpíà jẹ́ bí 3.6 mílíóòmù. Irin bọ́díì kò lè dènà tó bẹ́ẹ̀. Oríkèé kan ló ń ṣàìsàn. Pín ọ̀nà náà sí mẹ́rin, kí o wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: láti orí bátìrì sí irin tó dì í mú, láti irin yẹn sí bọ́díì, láti bọ́díì sí ẹ́njìnì, láti ẹ́njìnì sí ara ọ́tánétọ̀.

OníBọ́díì:

Kí Ìmọ́lẹ̀Alẹ́ tó padà dé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nípa áàtì ẹ́njìnì. Wọ́n gbé mọ́tò kan wá bá mi tí jíà rẹ̀ ń le bí òkúta. Mo pààrọ̀ kébù jíà, ó dára fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún le. Nígbà tí mo yọ ọ̀kan tuntun náà, mo rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ okùn irin tó wà láàárín, ó ń rùn bí ọ̀rá tó jóná. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó wojú ìsàlẹ̀ ẹ́njìnì: àwọn tó gbé e sọ̀kalẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ mi kò dá wáyà áàtì tó wà láàárín ẹ́njìnì àti bọ́díì padà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta mọ́tò náà, iná ńlá tí sítátà ń lò ń wá ọ̀nà àbọ̀, kébù jíà sì ni ọ̀nà tó rí. Mo san owó kébù méjì lápò ara mi. Iná kì í ṣaláì padà. Bí ẹ kò bá fún un ní wáyà, á wá kébù, á wá bẹ́árìn, á wá ohun tí ẹ kò fẹ́.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Ẹ̀gbọ́n OníBọ́díì, ẹ dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n ó bọ́ sí àkókò. Ohun tí mo rí nìyí: orí bátìrì sí irin tó dì í mú, 0.02, irin yẹn sí bọ́díì, 0.06, bọ́díì sí ẹ́njìnì, 0.38, ẹ́njìnì sí ọ́tánétọ̀, 0.04. Mo wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Áàtì ẹ́njìnì náà jẹ́ okùn bàbà híhun tí kò ní rọ́bà, ó ti di àwọ̀ ewé níbi tó ti kan bọ́díì, ìdajì àwọn fọ́nrán rẹ̀ sì ti já. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, àwọn kan bọ́ sílẹ̀ bí irun ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ.

BàbáRiwáyà:

O ti rí i. Wáyà mẹ́ta ni o máa ṣe, wọn ò gbọdọ̀ kéré síra wọn: ọ́tánétọ̀ sí bátìrì pọ́sítíìfù, bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù sí bọ́díì, bọ́díì sí ẹ́njìnì. Èmi a tún máa fa ẹ̀kẹrin láti bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù tààrà dé bóòtù ẹ́njìnì tó súnmọ́ ọ́tánétọ̀, bí àyè bá wà. Yọ orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kúrò kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀, nítorí pé bóòtù yẹn máa ń ní iná nínú bí mọ́tò bá tilẹ̀ ti kú, sípánà tó bá sì kàn án tó tún kan bọ́díì á pupa lọ́wọ́ rẹ.

Níbi tí áàtì bá ti kan bọ́díì, fi sándípéépà ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi máa dán, ní fífẹ̀ tó ju orí wáyà lọ díẹ̀. Fi wáṣà eléyín sí i, dè é, lẹ́yìn náà ni kí o tó fi gíríìsì bò ó kí omi má ba ráyè. Ẹ má ṣe fi ọ̀dà kun ojú irin kí ẹ tó dè é, mo ti rí i lọ́wọ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Áàtì tó lọ sí ẹ́njìnì gbọ́dọ̀ ní ìrọ̀rùn, kó tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, torí pé ẹ́njìnì máa ń mì, bọ́díì kì í bá a mì.

OlóhùnGíga:

Mo gba ti àbọ̀, Bàbá, ẹ ti là mí lójú. Mo ń lọ wọn tèmi náà. Ṣùgbọ́n ní ti orí wáyà, èmi máa ń jó o ní lẹ́ẹ̀dì ni. Mo da lẹ́ẹ̀dì kún inú rẹ̀, mo ti wáyà bọ̀ ọ́, kò sì yẹ̀ rí.

BàbáRiwáyà:

Kò tíì yẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀dì máa ń fà wọnú àwọn fọ́nrán wáyà, á sì sọ ibi tó dé di igi gbígbẹ. Ibi tí igi yẹn parí sí, tí wáyà rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ni mímì ẹ́njìnì máa ń kán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí oríkèé bá gbóná jù, lẹ́ẹ̀dì á rọ̀. Lo orí wáyà bàbà tí ihò rẹ̀ bá 50 mm² mu gẹ́lẹ́, kí o fi ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tó ń lo agbára epo fún un pọ̀ ní ìrísí olójú mẹ́fà. Bí o bá gé ọ̀kan wò láàárín lẹ́yìn tí o fún un, kò yẹ kí o rí ihò láàárín àwọn fọ́nrán. Yóò dà bí irin kan ṣoṣo. Òòlù àti ìṣó tí àwọn mìíràn fi ń lù ú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o fi rọ́bà tó máa ń sún kì bí ooru bá kàn án, tó sì ní gọ́ọ̀mù nínú, bò ó.

ÌyáMítà:

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́, mo ní ìbéèrè kan nípa wáyà pupa tó nípọn bí àtàǹpàkò yẹn. Ṣé ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Gé sẹ̀ǹtímítà kan níbi orí rẹ̀, mú fọ́nrán kan, kí o fi ọ̀bẹ ha á.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Ìyá mi, ó ti bà jẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, mo tilẹ̀ ti ń yọ̀ pé ó fúyẹ́. Nígbà tí mo ha á, àwọ̀ bàbà náà ṣí kúrò bí awọ àlùbọ́sà, inú rẹ̀ sì funfun. Mo tún rí i pé rọ́bà ló gba ìlàjì ìnípọn tí mo ń rí níta.

ÌyáMítà:

Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Kì í ṣe pé kò lè gbé iná, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tóbi tó bí ìlọ́po 1.6 kó tó ṣe iṣẹ́ bàbà; 50 mm² irú rẹ̀ kàn dà bíi bàbà tó lé díẹ̀ ní 30 mm² ni. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ohun tó burú jù ni pé alumíníọ̀mù máa ń rọ̀ lábẹ́ bóòtù tó dè é, oríkèé á wá tú díẹ̀díẹ̀, omi á sì jẹ ẹ́ níbi tí bàbà ojú rẹ̀ bá ti ha. Má ṣe lò ó fún iṣẹ́ yìí. Ra bàbà gidi tó ní fọ́nrán wẹ́wẹ́ púpọ̀, tí wọ́n kọ 105°C sára rọ́bà rẹ̀.

ÀjòTuntun:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mọ́tò tèmi jẹ́ ti òde òní, nǹkan dúdú kékeré kan sì wà lórí bátìrì nẹ́gẹ́tíìfù, wáyà tín-ín-rín méjì ló wọ inú rẹ̀. Ṣé èmi náà lè fa áàtì tuntun láti orí bátìrì?

BàbáRiwáyà:

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ka iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde nínú bátìrì nìyẹn, kọ̀ǹpútà mọ́tò rẹ sì ń fi ìròyìn rẹ̀ pinnu bí ọ́tánétọ̀ yóò ṣe ṣiṣẹ́. Bí o bá so áàtì tuntun mọ́ orí bátìrì fúnra rẹ̀, iná á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láìjẹ́ kó kà á. So ó sí ìkọjá rẹ̀, níhà bọ́díì. Kí o sì mọ̀ pé nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ọ́tánétọ̀ tí kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà náà kò ní ṣiṣẹ́ tó yẹ, wáyà yòówù kí o fà.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Mo ti ra bàbà gidi, ó wúwo bí okùn ọkọ̀ ojú omi. Ó ku fíúùsì. Ibo ni kí n fi sí, ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ ni àbí ẹ̀bá bátìrì? Mo ra 250 ámpíà. Wáyà àtijọ́ ńkọ́, ṣé kí n yọ ọ́?

ÌyáMítà:

Ẹ̀bá bátìrì ni, bí o bá ṣe lè súnmọ́ ọn tó. Ronú ẹni tó lè jó wáyà náà bí rọ́bà rẹ̀ bá ha tó sì kan bọ́díì. Ọ́tánétọ̀ kò lè gbé ju agbára tirẹ̀ lọ, wáyà 50 mm² sì lè ru ìyẹn. Bátìrì ni kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó lè tú ju 1,000 ámpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á sì di iná kí o tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nítorí bátìrì ni a ṣe ń fi fíúùsì yìí sí i.

Dá 250 yẹn padà, gba 300. Fíúùsì tó ń ru 220 nínú 250 fún wákàtí kan nínú ooru ẹ́njìnì ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan á já nígbà tí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Jíjá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré: ọ́tánétọ̀ tó ń gbé ẹrù ńlá tí wọ́n já bátìrì kúrò lára rẹ̀ lójijì máa ń ju fóólìtì sókè fíofío kí rẹgulétọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso fóólìtì rẹ̀) tó rí àyè fà á padà, dáyọ́ọ̀dù inú rẹ̀ àti àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ló sì ń gbà á sára. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ orí bátìrì nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́.

BàbáRiwáyà:

Ní ti wáyà àtijọ́, tọpasẹ̀ rẹ̀ kí o tó yọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kì í lọ sí bátìrì nìkan, ó máa ń yà sí àpótí fíúùsì lọ bọ́ gbogbo inú mọ́tò. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀ pẹ̀lú fíúùsì rẹ̀. Ìdá méje kan ni yóò máa rù nínú iná náà. Kí o kàn rántí pé bí 300 bá já lọ́jọ́ kan, gbogbo ẹrù á ya lu wáyà kékeré yìí, fíúùsì tirẹ̀ náà á sì já tẹ̀ lé e.

OníBọ́díì:

Ẹ má gbàgbé béètì. 220 ámpíà ní 14 fóólìtì ju 3,000 wọ́ọ̀tì lọ, ọ́tánétọ̀ sì máa ń sọ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá fún un di ooru, nítorí náà agbára tó tó ti ẹṣin 7 ni béètì yóò máa fà. Bí púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré tí béètì ń yí) bá dán bíi dígí, béètì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú, iye tó ń gbé nígbà tí mọ́tò dúró láìtẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ́tánétọ̀ ńlá kan wà tó jẹ́ pé èyí tó bá mọ́tò wá sàn jù wọ́n lọ nídìí yẹn.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Mo ti parí rẹ̀. Wáyà mẹ́rin ni mo fà, gbogbo wọn jẹ́ 50 mm², mo sì fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ya sí àpótí fíúùsì gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe sọ. Ìwọ̀n tuntun, pẹ̀lú ẹrù kan náà: àlọ 0.12 fóólìtì, àbọ̀ 0.07, orí bátìrì 14.2, mítà tó ń gbá wáyà mú sì kọ 146 ámpíà. Wáyà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbóná. Ohun kan ṣì kù: bí mọ́tò bá dúró láìtẹ̀ ẹ́ tí ìlù sì wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀ dé 13.4.

ÌyáMítà:

Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wáyà mọ́, agbára ọ́tánétọ̀ náà nígbà tó bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nìyẹn. Púlì tó kéré díẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣírò ìyípo rẹ̀ nígbà tí ẹ́njìnì bá ń sáré gan-an kí o tó yí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, padà lọ fi sípánà kan gbogbo bóòtù náà; bàbà tuntun máa ń jókòó.

Ìmọ́lẹ̀Alẹ́:

Ọ̀sẹ̀ kan pé lónìí. Àwọn tó kù kò mì, ṣùgbọ́n bóòtù áàtì tó wà lára ẹ́njìnì gba ìdá mẹ́rin ìyípo kan kó tó le.